Okùn Abẹ́ Òkun: Iṣẹ́ tí Fúnkẹ́ Opeke Ṣe, àti Ìrìn tó Kù Kó Tó Dé Festac

Ẹni tó bá ti Mile 2 bọ̀ ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, tó sì yà wọ Festac Town, kò ní pẹ́ ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà àti lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe ọ̀pọ̀ òpópónà ibẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti First Avenue, wọ́n kà á dé Seventh Avenue, àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké tó yà lára wọn sì ń jẹ́ A, B, C. Ìdí rẹ̀ ni pé orí pépà ni ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ tẹ ìlú náà dó, kí wọ́n tó wá tẹ̀ ẹ́ dó sórí ilẹ̀ àwọn Àwórì ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Wọ́n kọ́ ọ kí àwọn àlejò tó wá sí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, lè rí ibi wọ̀ sí. Nígbà tí àjọ̀dún parí, tí àwọn àlejò padà sílé, wọ́n pín àwọn ilé náà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà.

Ẹni tó bá mọ Festac lónìí mọ̀ pé ohun tí wọ́n yà sórí pépà dára ju ohun tó kù lójú ọ̀nà lọ. Ọ̀dà ti gbẹ, kòtò ti gba títì, omi kì í rí ibi gbà bí òjò bá rọ̀. Kì í ṣe pé àwọn tó kọ́ ìlú náà kò mọṣẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kíkọ́ nǹkan ńlá jẹ́ iṣẹ́ kan, mímójú tó o jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, mímú àǹfààní rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mẹ̀kúnnù sì jẹ́ iṣẹ́ kẹta. Orílẹ̀-èdè wa fẹ́ràn èyí àkọ́kọ́, nítorí pé òun ni wọ́n ń gé tẹ́ẹ́pù sí.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo ìtàn obìnrin ẹnjiníà kan tó yí bí àwa ọmọ Nàìjíríà ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì padà. Orúkọ rẹ̀ ni Fúnkẹ́ Opeke. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kò gbọ́ orúkọ náà rí, nítorí pé ìsàlẹ̀ òkun ni iṣẹ́ náà wà.

Ìgbà tí ojú sánmà jẹ́ ọ̀nà

Kí oṣù Kẹjọ ọdún 2001 tó dé, tí fóònù alágbèéká GSM wọ Nàìjíríà, NITEL tó jẹ́ ti ìjọba ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú okùn tẹlifóònù orílẹ̀-èdè yìí. Gbogbo okùn tó ń ṣiṣẹ́ kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ àwa ènìyàn ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Ilé tó bá ní fóònù jẹ́ ilé ọlọ́lá, bí fóònù ọ̀hún bá sì bàjẹ́, títún un ṣe lè di ọ̀rọ̀ oṣù mélòó kan.

Íntánẹ́ẹ̀tì bá wa nínú ipò yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ka lẹ́tà orí ayélujára, sáíbà kafé ló ń lọ. Kò sí ibi tí kafé wọ̀nyí gbilẹ̀ sí ní Èkó bíi Festac àti àyíká rẹ̀. Ènìyàn á ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan, á tẹ nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, á wá máa wo bí aago ṣe ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ojú ìwé kan ṣoṣo kò tíì ṣí tán. Àwọn tí owó wọn kò tó máa ń dúró di òru, nítorí pé owó òru dín sí ti ọ̀sán. Ní àwọn ọdún tí mo fi ń ṣe oníròyìn, èmi náà ti jókòó sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kí n lè fi ìròyìn ránṣẹ́ sí olóòtú. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú lójijì, iṣẹ́ kú nìyẹn, tíkẹ́ẹ̀tì náà sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ló fà á tó fi lọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá gbé ojú sókè sí òrùlé kafé, ẹ ó rí àwo fàdákà ńlá kan tó kọjú sí sánmà. Àwo náà ń bá sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìbéèrè yóò gòkè lọ, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, ìdáhùn yóò tún gòkè, yóò tún sọ̀ kalẹ̀ sí Festac. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ yìí ń gba nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí ọ̀rọ̀ kankan tó ṣẹ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà, ojú ìwé kan ṣoṣo sì máa ń béèrè irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ojú ọ̀nà náà tóóró, dọ́là ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀, gbogbo oníbàárà kafé ló sì ń pín in lò lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà tí ènìyàn kọ láti Festac sí ẹni tó wà ní Ìkẹjà lè kọ́kọ́ lọ sí ìlú òyìnbó kó tó padà wálé, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa kò ní oríta tí wọ́n ti lè pàdé nílé. Ó di ọdún 2007 kí irú oríta bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IXPN, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2002, okùn abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gùn tó kìlómítà 14,350, ó ti Potogí wá sí Gúúsù Áfíríkà, ó sì yà sí Èkó lójú ọ̀nà. Àmọ́ NITEL nìkan ló ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Nàìjíríà. Okùn náà wà ní bèbè òkun wa, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kò rí i rà ní iye tó tẹ́ wọn lọ́rùn, èyí tí wọ́n bá sì rà kò dá wọn lójú. Ọ̀pọ̀ wọn padà sídìí àwo orí òrùlé. A ti ní odò nílé, a ṣì ń ra omi lọ́wọ́ alágbàró.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ìwé ìròyìn Los Angeles Times ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn gígùn nípa àwọn ọ̀dọ́kùnrin Festac tó ń fi kafé lu àwọn òyìnbó ní jìbìtì. Ohun tí wọ́n kọ kì í ṣe irọ́, ìwà ọ̀daràn sì ni. Àmọ́ orúkọ tí Festac gbà lágbàáyé nìyẹn, bí ẹni pé kò sí ọmọ iléèwé tó ń wá fọ́ọ̀mù yunifásítì, tàbí ìyá tó ń kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ lókè òkun, nínú àwọn kafé kan náà. Ọdún 2005 yẹn gan-an ni Arábìnrin Opeke fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, tí wọ́n padà wá sílé.

Ọmọ onímọ̀ kòkó

Ọmọ Ilé-Olújí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Arábìnrin Opeke, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti dàgbà. Bàbá wọn, Lawrence Opeke, jẹ́ onímọ̀ nípa kòkó àti àwọn igi eléso tó ń pa owó wọlé, wọ́n sì jẹ́ olùdarí ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà. Iléèwé Queen's School ní Ìbàdàn ni ọmọbìnrin náà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní yunifásítì Ifẹ̀, tó ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, kí wọ́n tó gba oyè kejì ní Yunifásítì Columbia ní New York.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì di ọ̀gá ní ẹ̀ka kan ní ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ Verizon. Ẹ̀ka náà kì í ta fóònù fún ará ilé. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń ta ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ fún ní òdidi, kí àwọn yẹn tó wá gé e wẹ́wẹ́ tà fún àwọn oníbàárà tiwọn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé irú òwò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá dá sílẹ̀ nílé.

Nígbà tí wọ́n dé ní 2005, ipò ọ̀gá àgbà nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ ní MTN Nàìjíríà ni wọ́n wá gbà. Lẹ́yìn náà, wọ́n bá Transcorp ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn, wọ́n sì wọ NITEL fún ìgbà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbá-kejì ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kò sí ibi tí ènìyàn tún ti lè rí àìsàn náà kedere ju inú NITEL lọ lásìkò yẹn. Ní 2003, ìjọba gbé ilé-iṣẹ́ náà lé àwọn ará Netherlands kan, Pentascope, lọ́wọ́, àdéhùn náà sì dàrú. Ní 2006, wọ́n ta 51 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún Transcorp. Ní 2009, ìjọba gba á padà. Ó di 2015 kí wọ́n tó rí ẹni fi dúkìá tó kù lé lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ NATCOM, ní iye mílíọ̀nù 252 dọ́là. Láàárín ọdún méjìlá yìí, SAT-3 wà ní ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn tó di ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mú ni kò dúró sójú kan.

Mílíọ̀nù 240 dọ́là, nígbà tí owó wọ́n jù

Ní 2008, Arábìnrin Opeke dá MainOne sílẹ̀. Èrò náà rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe: kí wọ́n fa okùn tuntun láti Potogí wá sí Èkó, kí ó yà sí Accra ní Gánà, kí ẹnikẹ́ni tó bá sì lówó lè ra àyè lórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ilé-iṣẹ́ fóònù, ìbáà jẹ́ báńkì, ìbáà jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń du ọjà. Ẹni tó kọ́ ọ̀nà kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má gbà á. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ohun tí NITEL ń ṣe kò kéré rárá.

Iye tí iṣẹ́ náà yóò ná wọn jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 240 dọ́là. Ẹ rántí ọdún tí a wà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2008 ni báńkì Lehman Brothers ṣubú ní New York, tí àwọn ayánilówó kárí ayé sì di àpò wọn pa. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yan àkókò tó burú jù láti wá owó fún iṣẹ́ tuntun ní Áfíríkà, àkókò náà nìyẹn. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ̀yà níkẹyìn: àwọn olùdókòwò, àwọn báńkì Nàìjíríà, àti àjọ ìnáwó Africa Finance Corporation tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ èyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé owó òyìnbó nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fa irú okùn bẹ́ẹ̀? Àárín rẹ̀ ni gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí wà, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú gíláàsì yìí kọjá. Bí a bá ń ka lẹ́tà tàbí tí a ń wo fídíò, ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú lọ́nà tí ojú kò lè tẹ̀lé ni gbogbo rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà a máa rẹ̀ bó bá ti rìn jìnnà, nítorí náà wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ kan sára okùn ní àárín ìwọ̀n kìlómítà mélòó kan láti fún un lágbára padà, wọ́n a sì máa ti iná mànàmáná sí àwọn ẹ̀rọ yìí láti èbúté. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà ló ń ká okùn sínú ikùn, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti ń lọ. Ní ibi tí omi jìn, okùn náà kò nípọn, ó kàn dùbúlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni. Ní tòsí èbúté, níbi tí ìdákọ̀ró àti àwọ̀n apẹja ti lè kọ́ ọ, wọ́n máa ń fi irin wé e, wọ́n sì máa ń rì í mọ́ inú iyẹ̀pẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Tyco ti Amẹ́ríkà ló bá wọn ṣe é. Okùn náà gùn tó kìlómítà 7,000. Ní oṣù Keje ọdún 2010, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe é láti lè gbé ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí wọ́n ṣe SAT-3 fún níbẹ̀rẹ̀ lọ. Ní ọdún kan náà, Glo-1, tí Globacom fà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. WACS tẹ̀lé e ní 2012. Ọjà tí ẹnì kan ṣoṣo ń tà wá di ọjà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tà. Iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ra àyè láti jáde sí ayé já wálẹ̀ gidi. Àwo orí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, kafé sì ń kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ohun tí wọ́n ń tà ti wọ inú fóònù àpò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan wé e. Ọdún 2010 tí okùn yìí gúnlẹ̀ sí Èkó ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin aláwọ̀ búlúù láti Marina wá sí Mile 2. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni èrò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ilé ń bẹ lójú ọ̀nà lórí ilẹ̀, kò sì sí onílẹ̀ lábẹ́ òkun. Síbẹ̀, ọdún méjì sí mẹ́tàlá kì í ṣe ìyàtọ̀ tí ilẹ̀ nìkan lè fà.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ńlá ń gbé

Okùn nìkan kò tó. Bí ọmọ Nàìjíríà bá ń lo ìkànnì ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà kan, tí kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì náà sì wà ní London, ọ̀rọ̀ náà ṣì gbọ́dọ̀ la òkun já lálọ àti lábọ̀, owó ọ̀nà náà sì ń jáde lọ sí òkèèrè. Ohun tí wọ́n ń pè ní àwọsánmà lórí ayélujára kì í ṣe àwọsánmà rárá. Ilé ni. Ilé ńlá tó kún fún kọ̀ǹpútà tí kò gbọdọ̀ kú, tó ní ẹ̀rọ amútútù, bátìrì, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń dúró de ìgbà tí iná bá lọ. Ní orílẹ̀-èdè tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́, ẹ lè fojú inú wo ohun tí kíkọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ gbà.

Ní 2015, MainOne ṣí ilé dátà kan sí Lékkì, tí ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MDXi ń bójú tó. Kì í ṣe òun nìkan ló wà. Rack Centre ti ṣí tirẹ̀ ní Orégùn ní 2013. Láàárín àwọn méjèèjì àti àwọn tó tẹ̀lé wọn, ó di ohun tó ṣeé ṣe kí báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ìròyìn fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílé dípò kó máa rẹ́ǹtì yàrá fún un nílùú òyìnbó. Ṣáájú èyí, ní 2013, MainOne ti bá Co-Creation Hub àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti fa okùn ìmọ́lẹ̀ káàkiri Yábàá. Ó wà lára ohun tó mú kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣùjọ síbẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ Yábàá gbọ́n ju ọmọ Festac lọ. Okùn ló tètè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Títà tí wọ́n tà á

Ní oṣù Kejìlá 2021, ìròyìn jáde pé Equinix, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ní ilé dátà káàkiri ayé, yóò ra MainOne ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Ọ̀rọ̀ náà parí ní oṣù Kẹrin 2022. Àwọn kan yọ̀, wọ́n ní ó fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà lè kọ́ ohun tí àgbáyé yóò fi owó ńlá rà. Àwọn mìíràn bínú, wọ́n ní a tún ti ta ọmọ wa fún òyìnbó.

Ojú méjèèjì ló ní òótọ́ nínú. Àwọn tó fi owó sínú iṣẹ́ ní 2008 kò fi ṣàánú. Wọ́n fẹ́ gba owó wọn padà pẹ̀lú èrè, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ẹnjiníà tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró títí láé nítorí ìfẹ́ ìlú. Nítorí náà, kò tọ́ kí a dá Arábìnrin Opeke lẹ́bi. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé kí ló dé tí kò sí olùrà nílé? Ní ìparí 2021 kan náà, owó ìfẹ̀yìntì tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti kó jọ ti ju tírílíọ̀nù 13 náírà lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n fi yá ìjọba lówó. Olùkọ́ tó ń gbé ní Fourth Avenue àti nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Satellite Town wà lára àwọn tó ni owó náà. Wọn ì bá ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni okùn tí wọ́n ń lò, tó bá jẹ́ pé òfin àti ìgboyà àwọn alábòójútó owó náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé a lówó tí a lè fi mójú tó ohun tí ọmọ wa kọ́. Ètò ni kò sí.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 fi bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kàn wá tó hàn. Lọ́jọ́ náà, okùn mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà ní ìsàlẹ̀ òkun nítòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Ohun tí wọ́n fura sí ni pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló ṣípò. Láti Abidjan dé Èkó, báńkì kò lè sanwó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù dàrú, àwọn oníṣòwò sì jókòó tì ọjà. Àtúnṣe rẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rìn débẹ̀, kó wá ojú ibi tó já nínú ibú, kó fà á sókè, kó sì so gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun mọ́ ara wọn.

Ohun tí kò jẹ́ kí Nàìjíríà dákú pátápátá ni pé okùn ju mẹ́rin lọ. Glo-1 kò já. Equiano, tí Google fà dé Èkó ní oṣù Kẹrin 2022, kò já. Àwọn Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bó bá jẹ́ pé ọdún 2005 la ṣì wà, tí SAT-3 nìkan ṣoṣo wà lọ́wọ́ NITEL, tí ọrọ̀ ajé wa sì wà lórí ayélujára bó ti wà lónìí, ẹ jẹ́ ká má tilẹ̀ dárúkọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ̀nà kejì, kódà bí ọ̀nà tirẹ̀ bá já lọ́jọ́ kan, ti la ojú àwọn yòókù sí i pé ọ̀nà kẹta àti ìkẹrin ṣeé ṣe.

Ìrìn tó kù

A ti rí ẹni tó kọ́ ọ. A ti rí bí mímójú tó o ṣe di ọwọ́ àlejò. Ó ku iṣẹ́ kẹta, ìyẹn mímú un dé ẹnu ọ̀nà.

Okùn náà ti rin kìlómítà 7,000 láti Potogí. Láti èbúté sí Festac kò tó ọgọ́ta kìlómítà bó ti wù kí ènìyàn yí po tó. Síbẹ̀, ìrìn kékeré yìí ló ń ná ènìyàn ní jù. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ láti rì okùn gbọ́dọ̀ san owó ẹ̀tọ́ ọ̀nà fún ìjọba. Àwọn gómìnà fẹnu kò ní 2020 pé kí owó náà má ju náírà 145 lọ lórí mítà kan, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì tẹ̀lé e; Èkìtì já tiwọn láti 4,500 sí 145 ní ọdún yẹn. Àwọn mìíràn fẹnu gbà, ọwọ́ wọn kò gbà. Bí okùn bá tún wọlẹ̀ tán, katakata tó ń tún títì ṣe lè gé e lọ́la, torí pé ẹni tó ń gbẹ́ títì kò béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ètò ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 2020 sọ pé nígbà tí ọdún 2025 bá fi parí, íntánẹ́ẹ̀tì tó yára yóò ti dé ọ̀dọ̀ àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Nígbà tí 2024 parí, a kò tíì dé márùndínláàádọ́ta. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC sì gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn.

Ọmọ iléèwé tó ń gbé ní Kirikiri, tó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kò mọ Potogí, kò sì mọ Abidjan. Ohun tó mọ̀ ni pé dátà tán kí ẹ̀kọ́ tó parí. Tí a bá fi ìtàn Arábìnrin Opeke gbéraga, tí a kò sì ṣe nǹkan nípa ìrìn díẹ̀ tó kù yìí, a ó ti ṣe é bí a ṣe ṣe Festac: a kọ́ ọ dáadáa, a pe àlejò wá wò ó, a sì fi àwọn onílé sílẹ̀ sínú kòtò.

Iṣẹ́ tó kù kò béèrè pé kí ẹnì kan tún wá mílíọ̀nù 240 dọ́là, kò sì béèrè ọkọ̀ ojú omi. Ohun tó ń béèrè ni káńsù tó mọ ohun tó wà lábẹ́ títì rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ tí kò sọ ẹ̀tọ́ ọ̀nà di ọjà, àti owó ìfẹ̀yìntì tó ń kọ́ ohun tí àwọn tó ni ín ń lò. Festac ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó kò ní. Wọ́n ti ya àwọn òpópónà rẹ̀ sórí pépà láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ gún, wọ́n sì ti fi nọ́ńbà sí i. Bí okùn bá ń wá ọ̀nà láti dé ojúlé kan sí èkejì ní ìlú Èkó, kò sí ibi tí yóò ti rọrùn fún un jù ibẹ̀ lọ.